Ọgbọọgba àti Àwọn Olórí Méjì

Ọgbọọgba ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ kì í sì í tètè rẹ́rìn-ín. Bó bá bu omi sínú ife méjì fún àlejò, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi bá ojú omi náà dọ́gba, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, kó tó gbé wọn fún wọn. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ àlejò, kí àlejò ṣe sùúrù.

Ilé iṣẹ́ wọn kò tóbi. Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gé gíláàsì wíńdò ni wọ́n wà, ariwo gíláàsì tí wọ́n ń gé sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bá wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Géèmù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń gbá lórí kọ̀ǹpútà. Èyí tí wọ́n ń ṣe lásìkò yìí, ojú ọ̀run ni wọ́n ti ń ja ogun rẹ̀. Orílẹ̀-èdè méjì, Pupa àti Aró, ń du àwọn ayé tó wà káàkiri láàárín ìràwọ̀, olúkúlùkù sì ní olórí tó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gágun ni olórí Pupa. Ọkọ̀ ogun rẹ̀ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń jà bí ẹni tí wọ́n tutọ́ sí lójú. Alágbàtà ni olórí Aró. Ọkọ̀ tirẹ̀ kò ju péréte lọ, àmọ́ gbogbo ayé tó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ló ń mú ọrọ̀ wá fún un, bí wọn ò bá sì tètè pa á, yóò ra ojú ọ̀run tán.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Ọgbọọgba wà. Bí Ọ̀gágun bá lágbára jù, Alágbàtà yóò kú kó tó dàgbà. Bí nǹkan bá sì rọ Alágbàtà lọ́rùn jù, Ọ̀gágun á di aláàárù. Òun ló ń bù sí i, òun ló ń bù kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ kan níhìn-ín, ọrọ̀ díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí ìṣẹ́gun yóò fi máa ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó máa sùn sí.

Ilé ni iṣẹ́ náà ti bá a wá. Bàbá wọn ti lọ tipẹ́, ìyá wọn ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, òun tó jẹ́ àkọ́bí ló sì tọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì. Ẹja kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà nínú ìkòkò. Ó máa ń pín orí rẹ̀, ó máa ń pín ìrù, egungun àárín pàápàá, ó máa ń ṣẹ́ ẹ sí méjì. Àwọn ọmọ náà kì í jà lójú rẹ̀. Ìfẹ́ kọ́ ló fà á. Kò sí ohun tí ọ̀kan lè tọ́ka sí lọ́wọ́ èkejì ni.

Àwọn àbúrò náà dàgbà. Obìnrin tó tẹ̀ lé e di nọ́ọ̀sì, àbíkẹ́yìn tó jẹ́ ọkùnrin di wẹ́dà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ń pè wọ́n, Nọ́ọ̀sì àti Wẹ́dà, bí ẹni pé iṣẹ́ wọn ló bí wọn. Ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì ni ìyá wọn ti lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nílé ìwòsàn, ìyá náà yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Kí wọ́n tó dé bá a, ó ti tutù. Nígbà tí àwọn èèyàn kóra jọ láti kí wọn kú ọ̀fọ̀, Wẹ́dà dìde láàárín ilé, ó na ọwọ́ sí Nọ́ọ̀sì.

“Ẹ kí i dáadáa o,” ló wí. “Nọ́ọ̀sì tó ń gba ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ là. Ìyá tirẹ̀ ló fi sílẹ̀ kó kú sórí símẹ́ńtì tútù. Ẹ kí apànìyàn wa kú iṣẹ́.”

Nọ́ọ̀sì dìde, ó kó àwọn ife tí àwọn àlejò ti mu tán, ó fọ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ẹlòmíì nínú ipò Ọgbọọgba ì bá ti pe àwọn méjèèjì jókòó. Òun náà rò ó. Àmọ́ ní àkókò yẹn gan-an ni ọ̀gá wọn ń dójú tì í lórí géèmù tó ṣáájú. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó wà níbi iṣẹ́ ló lò láti dán àwọn olórí ti ìgbà yẹn wò. Ọ̀rẹ́ sì máa ń ṣojú àánú: bí ọ̀kan bá ti rí ibi tí èkejì ti fẹ́ ṣubú, yóò rẹ́rìn-ín, yóò dúró dè é. Nígbà tí géèmù náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò mọ ara wọn rí, kíá ni wọ́n rí ibi tó là, wọ́n sì fi ilé iṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá, ọkùnrin kan tó jẹ́ pé ìgbà tó bá fẹ́ dun èèyàn ló máa ń rẹ́rìn-ín jù, dúró lójú gbogbo wọn.

“Ọgbọọgba wa!” ló wí. “Ẹ wò ó, apá rẹ̀ kan ti gùn ju èkejì lọ. A ò tètè wọ̀n ọ́n kí a tó gbà á síṣẹ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà yẹn ló ti di ìgbàgbọ́ rẹ̀ pé ẹni tó kórìíra èèyàn nìkan ló máa ń rí ibi tí onítọ̀hún ti là. Nígbà tí iṣẹ́ Pupa àti Aró sì bẹ̀rẹ̀, ó lọ bá àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ló sọ fún wọn: “Wá bá mi gbá géèmù kan lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tí o ń bá yan odì ni ẹ jọ máa kojú ara yín.” Àwọn méjèèjì gbà kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Yàrá kóńkóló méjì ló wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà, pákó pẹlẹbẹ ló là wọ́n láàárín. Nọ́ọ̀sì ń gba iwájú wọlé sínú ọ̀kan, Wẹ́dà ń gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn wọlé sínú èkejì, wọn ò sì fojú kan ara wọn. Ọgbọọgba á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, níbi tó ti ń wo ogun àwọn méjèèjì lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Pákó ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

“Pákó,” Wẹ́dà á wí, “bá mi sọ fún ẹni tó fara tì ọ́ pé mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kó sáré wá abẹ́rẹ́ rẹ̀.”

“Pákó, sọ fún un pé iná tó fi ń jó irin ti jó ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà.”

“Ẹ̀yìn mi? Yéè!”

“Pákó, bá a ra òògùn ojú.”

Ọgbọọgba á máa gbọ́, ojú rẹ̀ ò ní kúrò lórí ẹ̀rọ. Kò rí ìwọ̀n tó mọ́ tó báyìí rí. Kò sí àánú níbẹ̀, kò sí ẹ̀rín, kò sí “jẹ́ n ràn ọ́ lọ́wọ́.” Ohun tí Ọ̀gágun bá lè ṣe, Wẹ́dà á ṣe é dópin. Gbogbo ihò tí Alágbàtà bá sì lè gbà sá, Nọ́ọ̀sì á rí i. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn olórí méjèèjì ń sún mọ́ ara wọn. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n bá ara wọn dọ́gba nígbà tí ọkọ Nọ́ọ̀sì gba ìwé pé wọ́n ti gbé e lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, ibi tó jìnnà, tí ẹni tó bá dé ibẹ̀ kì í tètè padà. Tọkọtaya ló ń kó lọ.

Wẹ́dà gbọ́. Ó tètè dé lọ́jọ́ kejì, gíláàsì ojú tó fi ń jó irin ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, iná ti lu ẹ̀wù rẹ̀ bí ajere. Kò jókòó.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ó ń lọ?”

“Òótọ́ ni.”

“Mi ò fẹ́ kó lọ báyìí.” Ó ń yí gíláàsì náà lọ́wọ́. “Ohun tí mo sọ níjọ́sí... Àǹtí, ẹnu mi ló sọ ọ́. Màámi ti kú, mo ń wá ẹni tí mo máa gbé e kà lórí. Mo mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, àmọ́ ojú wo ni màá fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Ẹ bá mi ṣíwájú. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó lè bá wa dá sí i.”

Ọgbọọgba wò ó.

“Mo gbọ́,” ló wí. “Wọlé, kó o máa gbá a lọ.”

Kò purọ́ lọ́jọ́ náà. Ó kàn gbé ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n, ó sì mu omi lé e. Bí àwọn méjèèjì bá rẹ́ ní báyìí, ṣebí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín síra wọn láàárín ìràwọ̀ ni? Ìwọ̀n tó ti sún mọ́lé á bàjẹ́, ọ̀gá á tún dìde lójú gbogbo wọn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìgbà díẹ̀ ni. Jẹ́ kí Ọ̀gágun àti Alágbàtà dọ́gba ná, kó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá Nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó di ẹrù.

Àmọ́ ẹni tó bá ti ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í le mọ́. Nínú ogun tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gágun rí ọkọ̀ ẹrù àwọn Aró tó ń kọjá láìní olùṣọ́, ó sì jẹ́ kí ó lọ. Ọgbọọgba dìde, ó wọ yàrá Wẹ́dà, ó pa ilẹ̀kùn dé.

“Kí ló dé tí o fi jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn lọ?”

“Ó ṣe mí láàánú.”

“Mi ò fi àánú sára olórí tí mo gbé fún ọ.”

“Ẹ má bínú, Àǹtí.” Ó wo pákó, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ ti bá a sọ ọ́? Kí ló wí?”

Èèyàn lè dúró sí ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì kó má mọ̀ pé oríta ni òun wà. Ọgbọọgba mọ̀ ní tirẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ ní àlàáfíà láàárín ìràwọ̀.

“Ó ní kí o lọ dọ̀bálẹ̀ fún sàréè Màmá,” ló wí. “Pé bí sàréè bá ní kí o dìde, kí o wá bá òun.”

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, irú ẹ̀rín tí kì í dé ọ̀fun, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

“Ó dáa,” ló wí.

Kí wọ́n tó lọ sílé lọ́jọ́ náà, kò sí ayé àwọn Aró kan tí kò jó. Ọgbọọgba mí kanlẹ̀. Ìwọ̀n ti padà sípò, bó ṣe rò ó nìyẹn.

Ohun tí kò rò ni ti Nọ́ọ̀sì. Ní àkókò kan náà ni Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù lọ́nà tí kò yéni. Àwọn ọkọ̀ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ayé tó jẹ́ ilé Alágbàtà, á kó wọn lọ sí ìkángun ojú ọ̀run, á fi ilé sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀gágun á dé, á sun ún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Nọ́ọ̀sì á wá fi ìyókù jà, yóò sì jà kíkan. Lọ́jọ́ kejì, á tún fi ilé sílẹ̀ gbayawu.

Nígbà kan tí wọ́n parí, ó yọjú sí ọ̀ọ̀dẹ̀, báàgì rẹ̀ lọ́rùn.

“Àǹtí, kò sọ nǹkan kan?”

“Ta ni?”

“Ẹni ẹ̀yìn pákó.”

“Kí ló fẹ́ sọ?” ni Ọgbọọgba wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lórí ẹ̀rọ. “Ó ní kí o túbọ̀ múra. Pé kò tíì rẹ òun.”

Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ó lọ.

Ọgbọọgba ro ìpàdánù náà títí. Ó fara balẹ̀ wò ó, ó sì rí ìdí rẹ̀: ọkọ̀ Alágbàtà kò tó ṣọ́ ilé. Ó bù kún ọkọ̀ rẹ̀. Kò tó. Ó bù kún ọrọ̀ tí ayé kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Ó kù díẹ̀. Ó tún bù sí i, títí ó fi di pé Alágbàtà lè dúró pẹ̀lú ilé tó jóná, kó sì máa ṣẹ́gun ní ìwọ̀n tó fi ń pàdánù. Ìgbà náà ló wá fẹ̀yìn ti àga. Ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ ní tábìlì kejì sọ pé òun rí i tó rẹ́rìn-ín, pé ó ba òun lẹ́rù.

Wọ́n fi géèmù náà sóde. Kò pẹ́ rárá tí yẹ̀yẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mú Alágbàtà, àfi kó máa jẹun lọ́wọ́ kan kó máa ṣẹ́gun lọ́wọ́ kejì. Ẹni tó bá mú Ọ̀gágun, wọ́n á kí i kú ewu. Ẹnì kan kọ ọ́ síta pé ẹni tó wọn àwọn olórí yìí, ó dájú pé ẹ̀gbọ́n Alágbàtà ni.

Ọ̀gá pe gbogbo wọn sí yàrá ńlá. Ó ní kí wọ́n pe àwọn méjì tó dán an wò náà. Ẹ̀rọ ti pa gbogbo ogun wọn mọ́, ó sì fẹ́ kí wọ́n jọ wò ó lójú ògiri. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ọ̀fọ̀ nìyẹn tí Nọ́ọ̀sì àti Wẹ́dà máa wà nínú yàrá kan. Nọ́ọ̀sì jókòó sí igun kan, Wẹ́dà sí èkejì. Ọgbọọgba dúró láàárín, nítorí kò sí àga.

Ọ̀gá tan ẹ̀rọ. Ojú ọ̀run ṣí lára ògiri. Ayé Alágbàtà wà níbẹ̀, ó ń yí jẹ́jẹ́, kò sí ọkọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì,” ni ọ̀gá wí, ó ń rẹ́rìn-ín, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lóye. Ṣé ẹ̀yin lẹ sùn lọ ni, àbí olórí yìí ló sùn? Ta ló ń fi ilé sílẹ̀ báyìí níwájú ọ̀tá?”

Nọ́ọ̀sì wo ògiri, kò wo ẹnikẹ́ni.

“Mi ò sùn. Èmi ni mo ṣí i sílẹ̀ fún un.”

“Fún ta ni?”

“Fún un.” Ó fi àgbọ̀n júwe igun kejì. “Mo ń kó lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní bó bá débẹ̀ tó rí i pé mi ò dí i lọ́nà, yóò mọ̀ pé mi ò bínú mọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣí i. Ojoojúmọ́ ló ń sun ún.”

Lára ògiri, àwọn ọkọ̀ Pupa wọlé. Iná sọ. Wẹ́dà dìde.

“Ṣebí o ti dá mi lóhùn. O ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún sàréè Màámi.”

“Èmi? Ta ni mo sọ ọ́ fún?”

“Mo rán ẹ̀bẹ̀ sí ọ. Mo rán...”

Kò parí rẹ̀. Àwọn méjèèjì yí ojú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá náà sì wo ibi tí wọ́n ń wò. Ọgbọọgba ṣí ẹnu. Ohun tó jáde kò jọ ohun tó fẹ́ sọ.

“Wọn ò tíì dọ́gba nígbà yẹn,” ló wí.

Ọ̀gá nìkan ló rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú. “Háà, Ọgbọọgba! Ogun tí kò sí nínú géèmù mi lo lọ jà.” Ó nu ojú. “Ó dáa, ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ lo máa tún un ṣe. Wá ẹlòmíì tó máa dán an wò. Ṣé o ní àbúrò míì?”

Nọ́ọ̀sì gbé báàgì rẹ̀. Wẹ́dà ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó dúró kó kọjá, ó tẹ̀ lé e. Láti ojú fèrèsé, Ọgbọọgba rí wọn nísàlẹ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù gíláàsì. Wẹ́dà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí èérún gíláàsì wà. Nọ́ọ̀sì ń fà á lápá, ó ń pariwo pé kó dìde, pé ṣé orí rẹ̀ dàrú ni.

Ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù ni Ọgbọọgba tó lọ sílé Nọ́ọ̀sì. Ó ti ń wá ẹni tó máa rán. Ẹni tó ṣẹ ọmọ ìyá rẹ̀, àgbà ló ń rán síwájú, àmọ́ nínú ilé tiwọn, òun ni àgbà. Ó ro ọ̀gá títí dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ojú tì í, ó padà.

Ọkọ̀ akẹ́rù wà lẹ́nu ọ̀nà. Wẹ́dà ń gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, Nọ́ọ̀sì ń di àwọn àwo sínú páálí. Wọ́n rí i. Kò sẹ́ni tó pariwo. Nọ́ọ̀sì bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Màdáámù. Ẹ jókòó.”

Ó fún un ní àga, ó fún un lómi. Ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu, kò sì pè é ní Màdáámù rí láyé.

“Mo wá bẹ yín ni,” ni Ọgbọọgba wí. “Mo jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi. Nọ́ọ̀sì, jọ̀ọ́.”

“Ẹ bi Wẹ́dà, Màdáámù. Òun ni wọ́n purọ́ fún. Ohun tó bá sọ náà lèmi náà máa sọ.”

Ó kọjú sí Wẹ́dà. Wẹ́dà sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀, ó nu òógùn.

“Ẹ bi Nọ́ọ̀sì, Màdáámù. Òun ni wọ́n purọ́ mọ́. Ohun tó bá sọ náà lèmi náà máa sọ.”

Ó tún kọjú sí Nọ́ọ̀sì. Kò rí ìbínú kankan lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rí i lójú Wẹ́dà. Kò sí ibi tó ti ga, kò sí ibi tó ti rẹlẹ̀, kò sí ibi tó lè fi ọwọ́ tì. Ó jókòó síbẹ̀, ife omi lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń kó àga yòókù, tábìlì, àti ìkòkò jáde. Awakọ̀ ti tan mọ́tò. Ó ṣẹ́ ku àga tó jókòó lé.

Wẹ́dà dé iwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń bá ìyá ẹlòmíì sọ̀rọ̀.

“Màdáámù,” ló wí jẹ́jẹ́, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. A fẹ́ gbé àga yẹn.”